Tí Sáìtì Ìforúkọsílẹ̀ Bá Pààrọ̀ Sáfà, Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Líǹkì Ayédèrú Mú Yín

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo, kì í sì í ṣe ti ẹ̀gẹ́ tó ń rà nínú ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ sáìtì tí kò ṣí ni. Ẹ má sọ pé kò kàn yín o. Sáìtì tí kò ṣí lè jẹ́ kí fatiláísà kọjá lójú yín, ó sì lè jẹ́ kí olè rí ọ̀nà wọ àpò yín.

Àwa méjì la wà ní ọ́fíìsì wa, iṣẹ́ wa sì ni láti máa gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn ní àwọn abúlé kan ní Òkè-Ògùn. Nígbà tí a wà ní poli, wọ́n kọ́ wa nípa ilẹ̀, irúgbìn, ẹran ọ̀sìn, àti bí a ṣe ń bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó máa jókòó ti àgbẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, tí a ó jọ máa wo ojú fóònù. Ṣùgbọ́n bí ayé ṣe dà nìyẹn. Láti ọdún 2012 tí ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù pín fatiláísà àti irúgbìn ẹ̀dínwó fún àgbẹ̀, iṣẹ́ tí a máa ń fi ìwé ṣe ti ń kó lọ sórí fóònù díẹ̀díẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ ìrànwọ́, wọ́n á ní kó lọ kọ fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí fọ́ọ̀mù yẹn ò bá ṣí, ibo ni àgbẹ̀ fẹ́ lọ?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò kan tí kò tíì pẹ́, sáìtì kan tí àwọn àgbẹ̀ wa ti ń forúkọ sílẹ̀ kó kúrò lórí sáfà kan bọ́ sórí òmíràn. A ò ní dárúkọ àwọn tó ni ín, nítorí ẹjọ́ kọ́ la wá rò. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé sáìtì lé, tí gbogbo fóònù ń lọ bá kí wọ́n tó rí nǹkan wò. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n kó o. Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e sì ni ìforúkọsílẹ̀ máa parí. Láti àárọ̀ Sátidé ni fóònù àwa méjèèjì ti ń dún. "Ọ̀gá, kò ṣí o." "Ọ̀gá, ṣé wọ́n ti fagi lé e ni?" "Ọ̀gá, ti ọ̀rẹ́ mi ṣí, tèmi ò ṣí, kí ni mo ṣe fún wọn?"

Màmá kan wà tó jẹ́ pé láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú ni wọ́n ti ń dá oko àgbàdo ṣe. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé, "Ọmọ mi, fóònù yìí ti bàjẹ́. Èmi náà ni ò mọ̀wé." Wọ́n ti fẹ́ wọn kòǹgò àgbàdo mélòó kan tà láti fi kún owó fóònù mìíràn. Àgbàdo wo? Àgbàdo irúgbìn tí wọ́n tọ́jú pamọ́ ni o! A ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta nǹkan kan. Fóònù yín ò ṣe nǹkan kan, ẹ̀yin náà ò sì ṣe nǹkan kan."

Ìdí tí a fi lè sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn la fẹ́ ṣàlàyé, nítorí ẹni tó bá mọ bí kinní ọ̀hún ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ní tètè sá.

Gbogbo sáìtì ló ní orúkọ, ó sì ní nọ́ńbà. Orúkọ ni àwa èèyàn ń tẹ̀. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń wá ara wọn rí. Irú nọ́ńbà tó wọ́pọ̀ jẹ́ mẹ́rin tí wọ́n fi àmì tó-tó pín, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 255, bíi 192.0.2.10 tí a fi ṣàpẹẹrẹ lásán yìí. Ẹ wò ó bí ẹ ṣe ń fi orúkọ èèyàn pamọ́ sínú fóònù. Ẹ ó tẹ "Ìyá Ìbejì Oníṣu", fóònù fúnra rẹ̀ ló máa wá nọ́ńbà pè. Tí Ìyá Ìbejì bá pààrọ̀ síìmù, orúkọ wọn ò yí padà, iṣu wọn ò sì yí padà. Ṣùgbọ́n fóònù yín á ṣì máa pe nọ́ńbà àtijọ́ títí ẹ ó fi gba tuntun. Ẹni tó ti gba nọ́ńbà tuntun á máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò tíì gbà á, á máa gbọ́ pé síìmù ti kú. Ṣé Ìyá Ìbejì wá kú ni? Rárá o.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tí sáìtì bá pààrọ̀ sáfà. Orúkọ wà bó ṣe wà, nọ́ńbà ló yí padà.

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì kéré, ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo kọ̀ǹpútà sí. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan ní California ní Amẹ́ríkà ló ń tọ́jú ìwé náà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Elizabeth Feinler ló sì jẹ́ olórí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà tuntun á sọ fún wọn, wọn á kọ ọ́ sí i. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ń pọ̀ sí i, ìwé kan ò gbà á mọ́. Ní ọdún 1983, Paul Mockapetris gbé ètò mìíràn kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DNS. Ètò yìí pín ìwé náà sí ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí ẹ bá tẹ orúkọ sáìtì kan tó parí sí .ng, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín á lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ ibi tí ìwé .ng wà. Ìwé .ng á sọ ẹni tó ń tọ́jú orúkọ sáìtì náà. Ẹni yẹn ló máa wá fún wọn ní nọ́ńbà. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí o. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í fẹ́ máa béèrè ní gbogbo ìgbà, nítorí náà ó máa ń fi ìdáhùn tó gbà pamọ́. Ẹni tó ni sáìtì ló ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdáhùn náà wúlò fún ìṣẹ́jú-àáyá báyìí-báyìí. Tó bá kọ 300, ìṣẹ́jú 5 nìyẹn. Tó bá kọ 3600, wákàtí 1 ni. Tó bá kọ 86400, odidi ọjọ́ kan gbáko ni. Títí àkókò yẹn á fi pé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ti béèrè tẹ́lẹ̀ á máa darí yín lọ sí sáfà àtijọ́. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń di ìdáhùn àtijọ́ mú ju àkókò tí wọ́n fún wọn lọ. Fóònù yín náà sì ní ìrántí tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sọ pé ká fún sáìtì tó kó ní wákàtí 24 sí 48 kó tó délé fún gbogbo èèyàn.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn, a rí i kedere ní abúlé kan. Fóònù mẹ́ta wà níwájú wa lábẹ́ igi kan náà, wákàtí kan náà. Ìkíní ṣí sáìtì tuntun, ojú ewé rẹ̀ mọ́ rekete. Ìkejì ní òun ò rí sáìtì kankan. Ìkẹta ṣí, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù àtijọ́ ló gbé wá. Síìmù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́ta. Àwọn tó wà níbẹ̀ ti ń sọ pé wọ́n ń ṣe ojúsàájú, pé àwọn kan ni wọ́n fẹ́ fún, àwọn kan ni wọn ò fẹ́ fún. A ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ti gba nọ́ńbà tuntun Ìyá Ìbejì, ẹnì kan ò tíì gbà á, ni gbogbo ẹ̀.

Nínú fóònù mẹ́ta yẹn, èwo ló léwu jù? Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ pé èyí tí kò ṣí ni. Ìkẹta ni o, èyí tó ṣí fọ́ọ̀mù àtijọ́.

Bàbá kan láàárín wọn ti kọ fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n tẹ orúkọ, wọ́n tẹ iye éékà, wọ́n tẹ ohun ọ̀gbìn, wọ́n fi ránṣẹ́. Sáìtì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó fún wọn ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Ọkàn Bàbá balẹ̀, wọ́n gba oko lọ. Ṣùgbọ́n sáfà àtijọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Àwọn tó kó sáìtì ti da àkọsílẹ̀ sórí sáfà tuntun láti ọjọ́ Ẹtì, wọn ò sì ti ilẹ̀kùn ti àtijọ́. Ohun tí Bàbá kọ lọ́jọ́ Àìkú wá wà nínú ilé tí gbogbo èèyàn ti kó kúrò níbẹ̀. Nígbà tí orúkọ jáde, ti Bàbá ò sí níbẹ̀.

Àwòrán ló gbà wọ́n. Ọmọ ọmọ wọn tó ń bá wọn tẹ fóònù ti ya skríìnṣọ́ọ̀tì ojú ewé tí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wà, ọjọ́ àti aago sì hàn lórí rẹ̀. A fi àwòrán yẹn ránṣẹ́ sí àwọn tó ni sáìtì. Wọ́n padà lọ wo sáfà àtijọ́, wọ́n bá ohun tí Bàbá kọ níbẹ̀, wọ́n gbé e wá sórí tuntun. Ṣùgbọ́n àwọn méjì mìíràn kan wà ní abúlé kejì tí àwọn náà kọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú kan náà. Wọn ò ní àwòrán, wọn ò rántí nọ́ńbà, wọn ò sì tètè sọ fún ẹnikẹ́ni nítorí wọ́n rò pé àwọn ti ṣe tiwọn tán. Ìgbà tí ìforúkọsílẹ̀ parí ni wọ́n tó mọ̀. Wọn ò rí nǹkan gbà lọ́dún náà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àgbàdo kì í dúró de sáìtì. Bíi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ bá gbìn ín ni NPK ti yẹ kó wọlẹ̀, ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà sì ni ti Urea. Ẹni tí fatiláísà bá bá lọ́wọ́ nígbà tí àgbàdo ti ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Nítorí náà, ohun tí a ń sọ fún àwọn àgbẹ̀ wa nìyí. Ẹ ṣe é ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, ẹ má fò ó.

Èkíní, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá sáìtì yẹn nìkan ni. Ẹ ṣí sáìtì mìíràn tí ẹ mọ̀. Tí òun náà ò bá ṣí, dátà yín tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ní wàhálà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ sáfà. Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun gé nítòsí etíkun Ivory Coast, tí báńkì àti sáìtì lóríṣiríṣi ń dákú dájí ní Nàìjíríà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ẹ lè fi fóònù yín ṣe sí i.

Èkejì, tí sáìtì mìíràn bá ṣí, ẹ yá síìmù mìíràn wò, tàbí kí ẹ ní kí ẹnì kan tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn bá yín ṣí i. Tí ó bá ṣí lọ́dọ̀ tiwọn, ẹ fọkàn balẹ̀. Sáìtì wà láàyè, nọ́ńbà tuntun ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ̀kẹta, ẹ tan flight mode, ẹ ka ogún, kí ẹ tún pa á. Tàbí kí ẹ pa fóònù kí ẹ tún un tàn. Ó máa ń jẹ́ kí fóònù gbàgbé èyí tó fi pamọ́, kó tún béèrè.

Ẹ̀kẹrin, tí Chrome lẹ ń lò, ẹ lọ sínú Settings, ẹ wá Privacy and security, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń pa àkọsílẹ̀ rẹ́, kí ẹ mú Cached images and files nìkan. Ẹ má fọwọ́ kan ti passwords o, kí ẹ má baà tún máa wá ohun mìíràn kiri. Èyí ló ń tán ti àwọn tí fọ́ọ̀mù àtijọ́ ṣì ń yọ sí lójú lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ orúkọ sáìtì náà bó ṣe wà lára ìwé tí ọ́fíìsì fún yín. Ẹ má tẹ líǹkì tí ẹ ti fi pamọ́ tipẹ́, nítorí líǹkì mìíràn wà tó jẹ́ nọ́ńbà sáfà àtijọ́ gan-an ló wà nínú rẹ̀. Irú èyí ò lè ṣí láéláé bí wọ́n bá ti pa sáfà náà.

Ẹ̀kẹfà wà fún ẹni tí fóònù rẹ̀ jẹ́ Android 9 sókè. Nínú Settings, níbi tí ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ẹ máa rí Private DNS. Tí ẹ bá kọ dns.google síbẹ̀, ọ̀dọ̀ Google ni fóònù yín á ti máa béèrè nọ́ńbà, kò ní máa béèrè lọ́dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín mọ́. Ọ̀fẹ́ ni, láti ọdún 2009 sì ni Google ti ń ṣe iṣẹ́ ìdáhùn yìí fún gbogbo ayé. Tí kò bá yé yín, ẹ fi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n bá yín ṣe é.

Èkeje, ẹ dúró. Bẹ́ẹ̀ ni, ìdúró náà jẹ́ oògùn. Ẹ sùn, kí ẹ tún un gbìyànjú láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Tí ó bá kọjá ọjọ́ méjì tí kò tíì ṣí, ẹ pe ọ́fíìsì, kí ẹ sì sọ ohun tí fóònù kọ síta gẹ́lẹ́.

Ohun tí fóònù ń kọ síta yìí ṣe pàtàkì. Ẹ má kàn sọ fún wa pé "kò ṣí". Tó bá kọ DNS_PROBE_FINISHED_NXDOMAIN, ó ń sọ pé òun béèrè orúkọ náà, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ pé ẹ ṣì í tẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé orúkọ ò tíì délé. Tó bá sọ pé ó pẹ́ jù, tó ní timed out, ó rí nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ẹni tó wà níbẹ̀ ò dá a lóhùn. Ìyẹn sábà máa ń ṣẹlẹ̀ tí nọ́ńbà àtijọ́ ló ń pè, tí wọ́n sì ti pa sáfà ọ̀hún. Ṣùgbọ́n tó bá kọ "Your connection is not private", ẹ dúró níbẹ̀! Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ àti aago fóònù yín. Fóònù tí wọ́n ti yọ bátìrì rẹ̀ lè padà sí ọdún àtijọ́, ìyẹn nìkan sì tó láti mú ìkìlọ̀ yìí jáde. Tí ọjọ́ bá pé, tí ìkìlọ̀ kò lọ, ó lè jẹ́ pé àwọn tó kó sáìtì ò tíì to sáfà tuntun tán, ó sì lè jẹ́ pé ibi tí ẹ wà kì í ṣe ibi tí ẹ rò. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ má tẹ NIN yín síbẹ̀, ẹ má tẹ BVN, ẹ má tẹ ohunkóhun. Ẹ padà sẹ́yìn.

Ibi tó wá ń dun wa jù nìyí. Tí sáìtì ò bá ṣí, ẹ̀rù á ba àgbẹ̀, ibi tí ẹ̀rù bá sì wà ni olè máa ń pàgọ́ sí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn, ìròyìn kan bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lórí WhatsApp pé sáfà ti yí padà, pé kí gbogbo àgbẹ̀ lọ sí líǹkì tuntun, kí wọ́n san ₦2,000 kí orúkọ wọn má baà jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, àgbẹ̀ oníṣu, tẹ líǹkì náà. Ó tẹ NIN rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà káàdì báńkì, ó sì tẹ nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́ sí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, owó tó fẹ́ fi san alágbàṣe tó máa bá a kọ ebè ti lọ. Ọmọ tó kàwé ni o, kì í ṣe arúgbó. Ẹ̀rù ló mú un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí Ìyá Ìbejì. Tí sáìtì bá pààrọ̀ sáfà, orúkọ rẹ̀ kì í yí padà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "sáfà ti kó, nítorí náà ẹ lo orúkọ tuntun yìí", ẹ fura sí i. Tó bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ pé wọ́n fẹ́ yí orúkọ padà, ọ́fíìsì á sọ ọ́, orúkọ àtijọ́ fúnra rẹ̀ á sì máa darí yín lọ sí tuntun. Ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí lórí WhatsApp.

Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka líǹkì. Ẹ fi ojú fo https:// tó wà níwájú, kí ẹ wá ìlà dídàgẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó wà kété ṣáájú ìlà yẹn ni kí ẹ wò. Tó bá jẹ́ .gov.ng ló gbẹ̀yìn síbẹ̀, ti ìjọba ni, nítorí wọn kì í fún aládàáni ní orúkọ tó parí sí .gov.ng. Ṣùgbọ́n tí gov.ng bá wà láàárín, tí .com tàbí .xyz wá gbẹ̀yìn, ẹ sá. Ó dà bí ẹni tó wọ aṣọ ọlọ́pàá tí kì í ṣe ọlọ́pàá. Ẹ má sì jẹ́ kí https:// tó wà níwájú líǹkì tàn yín jẹ. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó wà láàárín ọ̀nà kò lè ka ohun tí ẹ ń tẹ̀. Kò sọ pé ẹni tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ fún kì í ṣe olè.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ kù fún àwọn tó ń bójú tó sáìtì àgbẹ̀, yálà ti ìjọba, ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí ti àwọn tó ń ta irúgbìn. Tí ẹ bá fẹ́ kó, ẹ kọ́kọ́ dín iye ìṣẹ́jú-àáyá tí a sọ lẹ́ẹ̀kan kù sí 300, ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, kí ìdáhùn àtijọ́ lè tètè kú. Ẹ má tíì pa sáfà àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó máa gba fọ́ọ̀mù mọ́. Ẹ jẹ́ kó máa sọ fún àwọn tó bá yà síbẹ̀ pé iṣẹ́ ń lọ, kí wọ́n padà wá lọ́la. Tí àkọsílẹ̀ kan bá ti wọlé síbẹ̀, ẹ wá a, ẹ kó o. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde fún àwa tí a wà ní ìgbèríko kí ẹ tó kó, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá kó tán. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má kó sáìtì ní ọ̀sẹ̀ tí ìforúkọsílẹ̀ ń parí. Oṣù wo ni kò dára láti kó? Oṣù tí òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀. Oko ṣófo nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kó o nígbà náà.

Àwa náà ní ohun tí à ń ṣe. Láti ìgbà yẹn, ìwé ẹ̀ṣáásáìsì kan wà nínú àpò wa lọ́jọ́kọ́jọ́ tí a bá lọ sí abúlé. Tí sáìtì bá kọ̀, a ó kọ orúkọ àgbẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ohun ọ̀gbìn, iye éékà, àti ọjọ́ tó gbìyànjú. A kì í gba páásíwọ̀ọ̀dù, a kì í gba káàdì báńkì. Tí sáìtì bá ṣí, a ó pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé yìí náà la fi bẹ àwọn ọ̀gá lọ́dún yẹn, nítorí ọjọ́ tí àgbẹ̀ gbìyànjú tí kò wọlé hàn nínú rẹ̀. Wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta kún ìforúkọsílẹ̀. Màmá tó fẹ́ ta irúgbìn wọlé lọ́jọ́ kejì nínú ọjọ́ mẹ́ta yẹn, fóònù kan náà tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́ ni wọ́n fi wọlé.

A fẹ́ kí èyí wọ̀ yín létí. Ọ̀pọ̀ yín, tí fóònù bá kọ̀, ẹ máa ń sọ pé "èmi ni ò mọ̀wé". Ẹ yé sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lè wo àwọ̀ ewé kó mọ ohun tí ilẹ̀ ń fẹ́, ẹni tó lè gbọ́ ìró afẹ́fẹ́ kó mọ̀ pé òjò ò ní rọ̀ lónìí, kì í ṣe òpè. Àwọn tó ń kó sáìtì ní láti to ọ̀nà wọn kí ó tọ́. Tiyín ni kí ẹ ní sùúrù, kí ẹ ya àwòrán, kí ẹ má sì gba líǹkì lọ́wọ́ àjèjì.

Ẹ bá wa ka èyí sí etí àwọn tí kò lè kà á, pàápàá àwọn àgbàlagbà tó jẹ́ pé ọmọ ló ń bá wọn tẹ fóònù. Tí ẹ bá kọ fọ́ọ̀mù èyíkéyìí lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ya skríìnṣọ́ọ̀tì rẹ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára ògiri ilé pẹ̀lú èédú tí ìwé ò bá sí. Òjò á rọ̀ ní àsìkò, irúgbìn á hù, iṣẹ́ ọwọ́ wa ò ní já sí asán o.